Wọ́n Rí Pásítọ̀ ní Ọsibítù Ọpọlọ: Ẹ Jẹ́ Kí N Sọ Ohun Tí Mo Lọ Ṣe Níbẹ̀

  Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá àyè jókòó kà á. Tí data yín bá ń tán lọ, ẹ tọ́jú rẹ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó.

Ó ti tó bí oṣù méjì tí ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ nínú ìjọ wa. Wọ́n ní ẹnìkan rí mi lórí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù ọpọlọ, mo mú káàdì dání, mò ń dúró kí wọ́n pe nọ́ńbà mi. Àwọn kan ní àdúrà ni mo lọ gbà fún ẹnìkan. Àwọn kan ní ará ilé mi kan ló ń ṣàìsàn. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń gbààwẹ̀ fún mi láìsọ fún mi, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́: èmi ni aláìsàn náà. Orúkọ mi ló wà lára káàdì yẹn. Ó ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti ń lọ, mi ò sì tíì parí.

Mi ò ya wèrè o. Mi ò sì fi Jésù sílẹ̀. Mò ń wàásù, mò ń gbé ọwọ́ lé aláìsàn, mo sì gbà títí di òní pé Ọlọ́run ń wo àrùn sàn. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ nínú yín tí irú ohun tó ń ṣe mí ń ṣe, tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, tí ẹ ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀.

Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje. Ọwọ́ ìyá mi ò ká gbogbo wa. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan ní ìlú ńlá pé kó máa tọ́ mi, kí n lè lọ iléèwé. Mi ò ní dárúkọ ẹni náà, mi ò sì ní sọ ìlú náà. Ó ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì ṣẹ̀ mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru tòru. Mo mọ òru yẹn. Aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń jí lọ pọn omi. Tí omi bá dà, wáyà iná ni. Tí owó ọjà bá dín náírà kan, wáyà ni. Nígbà míì mi ò ṣe nǹkan kan rárá, ẹni náà kàn gbé ìbínú wọlé láti ìta ni. Wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́ mi síta, màá lọ sùn sẹ́yìn táńkì. "Olórí burúkú" ni orúkọ tí mò ń jẹ́ nínú ilé yẹn. Ó dé ìgbà kan tí mò ń dáhùn sí i bí ẹni pé òun ni wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ kì í ṣe ẹgba. Ẹgba á dunni, á sì lọ. Ohun tó burú ni pé mi ò mọ ìgbà tó máa dé, mi ò sì ní ibi tí mo lè sá lọ. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí. Láti inú bí kọ́kọ́rọ́ bá ṣe dún ní gẹ́ètì lálẹ́, mo lè mọ̀ bóyá alẹ́ yẹn á dáa tàbí kò ní dáa. Ọmọ kékeré kì í ṣe àlúfàá, ṣùgbọ́n mo ń fi etí ríran.

Mo kúrò níbẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo gba Jésù. Mo dárí ji ẹni náà látọkànwá. Mo lọ sí ìsìnkú rẹ̀, mo gbàdúrà fún ẹbí rẹ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́yàwó, Ọlọ́run fún wa lọ́mọ, ìjọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ẹ̀rí yẹn lẹ́nu mi, ẹ ti bá mi jó sí i.

Èyí tí ẹ ò tíì gbọ́ nìyí. Mo ti lé ní ẹni 50 ọdún. Tí ìyàwó mi bá ń ṣí gẹ́ètì lálẹ́, tí kọ́kọ́rọ́ bá dún, lójú ẹsẹ̀ ni ara mi á di ara ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àyà mi á máa lù kìkì, ọwọ́ mi á tutù, òógùn á bò mí. Nínú ìpàdé àwọn àgbà ìjọ, tí ẹnìkan bá gbé ohùn sókè, mi ò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́, ara mi á dì gbagidi. Wọ́n á ní, "Pásítọ̀ wa ní sùúrù gan-an." Kì í ṣe sùúrù o. Ara mi ló ti sá lọ, tó fi mí sílẹ̀ lórí àga.

Ẹ ń pè mí ní ọ̀gá ìṣọ́ òru, ẹni tí kì í sùn nínú àdúrà. Mo fẹ́ràn àdúrà, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí kò sí ìṣọ́ òru náà, oorun kì í wá. Tó bá sì wá, àlá wáyà ni. Lọ́jọ́ tí ẹ fún mi ní mọ́tò, tí gbogbo yín ń pariwo ayọ̀, nǹkan kan ń sọ nínú mi pé, "Tí wọ́n bá mọ̀ ẹ́ dáadáa, wọn ò ní fún ẹ." Ohùn yẹn ò dákẹ́ láti bí 40 ọdún.

Ọmọ ìjọ wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ bá mi sọ ọ́. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kan, àwọn tó ń to àga ju irin sílẹ̀, ó rí bí mo ṣe fò. Ó wá sí ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ kì í sùn, àbí? Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n sìn yín lọ rí dókítà kan. Ìbéèrè ni wọ́n máa bi yín, wọn ò ní so yín mọ́lẹ̀." Ìyàwó mi wà níbẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ lọ. Èmi tí mò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni mo mọ ohun tí ojú yín ń rí lóru." Ọ̀sẹ̀ yẹn la lọ.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n wọn ìfúnpá mi, nítorí àwọn àìsàn ara kan wà tó lè gba oorun lójú èèyàn, tó sì lè mú kí àyà máa já. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Dókítà fara balẹ̀ gbọ́ mi. Nígbà tó yá ó sọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí: Complex PTSD.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi.

PTSD lásán, ẹ lè ti gbọ́ ọ nítorí àwọn sójà tó ti ojú ogun dé. Ó lè mú ẹni tí adigunjalè ká mọ́lé, ẹni tó yè nínú ìjàm̀bá mọ́tò, ẹni tí wọ́n jí gbé. Nǹkan náà ti kọjá, ṣùgbọ́n ara ò mọ̀. Àmì mẹ́ta ló ní. Àkọ́kọ́, nǹkan náà á máa padà wá, lójú àlá tàbí lójú ayé, bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Èkejì, èèyàn á máa sá fún gbogbo ohun tó lè rán an létí, títì kan, òórùn kan, ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀kẹta, ara á wà lójúfò ní gbogbo ìgbà, nǹkan kékeré á mú un fò. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Complex, òun ní mẹ́ta yẹn, ó tún ní mẹ́ta míì. Ọ̀kan, agbára láti darí ìbínú àti ìbànújẹ́ á dín kù. Èèyàn á gbaná lójijì, tàbí kí ara rẹ̀ kú, kó má lè sunkún, kó má lè rẹ́rìn-ín. Èkejì, ìtìjú tó jinlẹ̀, èrò pé èmi ò já mọ́ nǹkan kan, èmi ni mo fà á. Ẹ̀kẹta, àjọṣe pẹ̀lú èèyàn á nira. Á fẹ́ kí wọ́n sún mọ́ òun, tí wọ́n bá sì sún mọ́ ọn, ẹ̀rù á bà á.

Ohun tó sábà máa ń fa irú èyí kì í ṣe nǹkan ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nǹkan tó pẹ́ ni, tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, tí èèyàn ò sì rí ọ̀nà sá: ọmọ tí wọ́n ń lù tàbí tí wọ́n ń bá ṣèṣekúṣe nílé, ìyàwó tí ọkọ ń fi ojú rẹ̀ rí màbo fún ọdún mẹ́wàá, ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹrú, ẹni tó wà nínú túbú ìdálóró. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá la irú ẹ̀ kọjá ló ń mú o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú, kì í ṣe pé ó lẹ ju àwọn yòókù lọ.

Dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, Judith Herman, ló sọ ní 1992 pé ó yẹ kí ohun tó ń ṣe irú àwọn èèyàn báyìí ní orúkọ tirẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Ní 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí ìwé tuntun tí wọ́n fi ń to orúkọ àrùn lẹ́sẹẹsẹ, ICD-11, Complex PTSD sì wà nínú rẹ̀. January 2022 ni ìwé náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà tí dókítà yín bá pe orúkọ yẹn, kì í ṣe ohun tí wọ́n hùmọ̀ nínú íntánẹ́ẹ̀tì.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ọlọ́run fi ọdẹ kan sínú ọpọlọ wa. Amygdala ni àwọn dókítà ń pè é. Iṣẹ́ ọdẹ yẹn ni kó fọn fèrè tí ewu bá dé, kí ẹsẹ̀ lè sáré kí orí tó rò ó. Iṣẹ́ rere ni, òun ló ń gbà wá lọ́wọ́ mọ́tò lójú títì. Akọ̀wé kan náà wà, hippocampus lorúkọ tiẹ̀, tó ń bá wa kọ déètì sára ìrántí: èyí ti kọjá, èyí lòní. Nínú ilé tí olè ń jà lálaalẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, ọdẹ ò ní sùn mọ́. Akọ̀wé náà ò ní rí àyè kọ déètì. Ọdún máa kọjá, olè máa kú, wọ́n máa sin ín, ọdẹ á ṣì máa fọn fèrè tó bá gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Kò ya wèrè. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló ń ṣe, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ogun ti parí ni.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè ti ń wá sí yín lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn mẹ́ta.

"Pásítọ̀, ṣé kì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn ni?" Mo gbà pé ẹ̀mí òkùnkùn wà, mo sì gba orúkọ Jésù gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dunni ni ẹ̀mí òkùnkùn. Tí mọ́tò bá gbá èèyàn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, a kì í lé ẹ̀mí èṣù kúrò nínú egungun. A máa ń gbàdúrà, a sì máa ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń to egungun. Ọgbẹ́ ni èyí. Èèyàn ló dá a síni lára.

Ẹ wo Èlíjà lábẹ́ igi yẹn nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Wòlíì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná wá láti ọ̀run ló sá nítorí Jésíbẹ́lì, tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run ò bá a wí. Ó jẹ́ kó sùn. Ó rán áńgẹ́lì pẹ̀lú àkàrà àti omi. Ó tún jẹ́ kó sùn, ó tún fún un lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ará Samáríà yẹn náà. Kò dúró lórí ẹni tí wọ́n lù kó máa bi í pé kí ló dé tí kò nígbàgbọ́. Ó da òróró àti wáìnì sójú ọgbẹ́, ó gbé e lọ sílé èrò, ó sanwó, ó tún ní tí owó náà ò bá tó, òun á padà wá san ìyókù. Ìyẹn ni pé Jésù fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọgbẹ́ míì kì í jiná lọ́jọ́ kan. Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn, dókítà ni.

"Pásítọ̀, ṣé ẹ ò tíì dárí ji ẹni náà tán ni?" Mo ti dárí jì í. Ìdáríjì ń yanjú ọ̀rọ̀ àárín èmi àti ẹni tó ṣẹ̀ mí níwájú Ọlọ́run. Kò ní kí ọdẹ inú ọpọlọ lọ sùn. Jésù dárí ji àwọn tó kàn án mọ́gi, síbẹ̀ lẹ́yìn àjíǹde, àpá ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí Tọ́másì fi rí i. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gba èèyàn nímọ̀ràn, ẹ má máa sọ fún ẹni tí ọgbẹ́ ń dùn pé àìdáríjì ló ń ṣe é. Ẹ tún má sọ pé àfi kó padà lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe é léṣe kí a tó gbà pé ó ti dárí jì í. Ìdáríjì ò túmọ̀ sí pé kí a tún gbé orí sábẹ́ wáyà.

"Pásítọ̀, oògùn wọn kò ní sọni di wèrè?" Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìtọ́jú tèmi ṣe ń lọ, kí ẹ lè fojú ara yín wò ó.

Ipele mẹ́ta ni. Judith Herman náà ló tò ó bẹ́ẹ̀. Ipele àkọ́kọ́ ni ààbò: kí oorun padà, kí ara mọ̀ pé òun ò sí nínú ewu mọ́. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, a ò tíì sọ̀rọ̀ wáyà rárá. Ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀, clinical psychologist, kọ́ mi bí mo ṣe lè mí jẹ́jẹ́, kí èémí àmíjáde gùn ju àmísínú lọ. Ó kọ́ mi pé tí àyà mi bá ń já, kí n dárúkọ ohun márùn-ún tí mò ń rí, mẹ́rin tí mo lè fọwọ́ kàn, mẹ́ta tí mò ń gbọ́, méjì tí mò ń gbóòórùn, ọ̀kan tí mo lè tọ́ wò. Ó dà bí eré ọmọdé. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ fún ọdẹ yẹn pé òní la wà, àná kọ́.

Ipele kejì ni kí èèyàn sọ ìtàn náà, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ, kó sì ṣọ̀fọ̀ ohun tó sọnù. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà ṣe é. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní trauma-focused CBT, níbi tí èèyàn ti ń yẹ èrò tí nǹkan náà gbìn sí i wò, bí i èrò pé èmi ni mo fà á. Òmíì ni EMDR, tí Francine Shapiro bẹ̀rẹ̀ ní 1987, níbi tí èèyàn ti ń rántí nǹkan náà bí ojú rẹ̀ ti ń tẹ̀lé ìka dókítà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tó kàn mí láti sọ tèmi, mo rò pé ọ̀rọ̀ wáyà ni màá sunkún lé lórí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn táńkì ni mo sunkún lé lórí. Ẹni tó ń tọ́jú mi bi mí pé, "Sà, tí ẹ bá rí ọmọ yẹn níbẹ̀ lálẹ́ òní, kí lẹ máa sọ fún un?" Mo ní mi ò ní sọ nǹkan kan. Màá gbé e wọlé, màá fún un lóúnjẹ.

Ipele kẹta ni kí èèyàn padà sínú ayé: ilé rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́, ìjọ. Ibẹ̀ ni mo ń bọ̀ báyìí. Ìwé tí ẹ ń kà yìí wà lára rẹ̀.

Ní ti oògùn, kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń fún. Wọ́n fún èmi ní sertraline. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, èébì ń gbé mi, mo pe dókítà, ó ní kí n ṣe sùúrù, ó sì lọ. Kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń lò lónìí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́la, ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má torí pé mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹ lọ rà á ní kẹ́míìsì o! Dókítà tó yẹ̀ yín wò ló lè kọ ọ́ fún yín. Tí wọ́n bá sì ti fún yín, ẹ má dá a dúró lójijì, ẹ jẹ́ kí dókítà bá yín dín in kù. Ohun tó ń sọ èèyàn dìdàkudà ni èyí tí àwọn kan ń fi pamọ́ lò: ògógóró, tramadol, kódíìnì, láti fi pa ìrántí. Ìrántí ò ní kú. Ẹ̀dọ̀ ló máa kú.

Nísinsìnyí mò ń sùn wákàtí márùn-ún, nígbà míì mẹ́fà. Kọ́kọ́rọ́ ṣì máa ń mú ara mi le díẹ̀, ṣùgbọ́n kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ti mọ̀ pé ìyàwó mi ni. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtọ́jú yìí kì í ṣe ohun àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro. Ó rí i pé ó sàn kí aláìsàn máa gbé lábúlé tó wà nítòsí pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kó máa wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, ju kí wọ́n tì í mọ́lé lọ. Gbogbo ayé wá kọ́ ọgbọ́n yẹn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO. A wá sọ Aro di èébú tí a fi ń bú ara wa lójú pópó. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ọsibítù Yábàá wà ní Èkó, UCH wà ní Ìbàdàn, àwọn ọsibítù yunifásítì míì náà ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ. Ní January 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin àtijọ́ tí òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń pe aláìsàn ní wèrè. Òfin ti yípadà. Ó ku ẹnu wa.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé aláìsàn lọ sílé àdúrà. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ṣẹ́ẹ̀nì de èèyàn, tí wọ́n ń fi ebi pa á ní orúkọ ààwẹ̀, tí wọ́n ń nà án kí ẹ̀mí lè jáde, ẹ gbé èèyàn yín kúrò níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé nínà ló dá ọgbẹ́ sí i lára, nínà kọ́ ni yóò wò ó sàn.

Nítorí náà, ohun tí a máa ṣe nínú ìjọ wa nìyí, láti Sunday tó ń bọ̀.

Àkọ́kọ́, a ò ní gba ẹ̀rí "mo da oògùn mi nù" mọ́ lórí pẹpẹ. Tí Ọlọ́run bá wò ẹ́ sàn, dókítà ló máa yẹ̀ ọ́ wò, òun náà á sì yin Olúwa.

Èkejì, lẹ́yìn ìsìn, nọ́ọ̀sì wa á wà ní ọ́fíìsì kékeré tó wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kó lọ. Kò sẹ́ni tó máa kọ orúkọ yín sílẹ̀. Tí owó mọ́tò àti owó káàdì bá ṣòro, àpò ìrànlọ́wọ́ wà. Tí ẹ̀rù bá ń bà yín láti dá lọ, èmi fúnra mi á sìn yín. Mo ti mọ bẹ́ǹṣì náà dáadáa.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí wọ́n ń lù tàbí tí wọ́n ń bá ṣèṣekúṣe lọ́wọ́ báyìí, ààbò ló kọ́kọ́ kàn. Ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí. Ní Èkó, Mirabel Centre wà nínú ọgbà LASUTH ní Ìkẹjà láti 2013, wọ́n ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Ìjọba Èkó náà ní àjọ tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé. Ní ìpínlẹ̀ míì, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Social Welfare, tàbí kí ẹ sọ fún ìyàwó mi.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí èrò àtipa ara rẹ̀ bá ń wá sí lọ́kàn, má dá wà lálẹ́ òní. Sọ fún ẹnìkan, kí ẹ jọ lọ sí ọsibítù tó bá sún mọ́ yín jù. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti sọ ọ́. Èlíjà sọ ọ́, Ọlọ́run sì fún un lóúnjẹ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin tí ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́dọ̀ yín. Láti 2003 ni Nàìjíríà ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, Ọlọ́run ti ń wo ẹ̀yìn táńkì. Ẹ pe ọmọ yẹn lórúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹun kó tó sùn. Ẹ̀yin tí ẹ sì rán ọmọ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíì, ẹ máa yà síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ bi ọmọ náà léèrè níkọ̀kọ̀, kì í ṣe lójú ẹni tó ń tọ́ ọ.

Ẹ má bẹ ẹni tó rí mi lórí bẹ́ǹṣì wí o. Mo mọ̀ ọ́n, mo kí i. Tí òun náà bá wà níbẹ̀ nítorí ara rẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Baba, ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí tí ọdẹ inú rẹ̀ ò tíì sùn láti kékeré, fún un ní oorun lálẹ́ òní. Rán ẹni tó máa sìn ín lọ síbi ìtọ́jú sí i. Bùkún ọwọ́ àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì, àti gbogbo ẹni tó ń jókòó gbọ́ ẹkún èèyàn. Àwọn tó ń pe ara wọn ní olórí burúkú nínú ọkàn wọn, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orúkọ tí ìwọ fi ń pè wọ́n. Ní orúkọ Jésù.

Àmín.

Ẹni tó bá mọ ẹnìkan tó nílò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí i. Àwa á ríra ní Sunday.